Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Tì Tí Wọn Kò Ṣọ́: Bí Wọ́n Ṣe Ń Dáàbò Bo Ọ̀rọ̀ Lórí Sáfà Ìtàkùrọ̀sọ

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìtàkùrọ̀sọ orí íntánẹ́ẹ̀tì mu gan-an. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó ń bá ojúlùmọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, lè rò pé àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ibi tó ń lọ, ó ti gba inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ kọjá. Bí wọn kò bá tì í ní kọ́kọ́rọ́, ẹni tó lúgọ sójú ọ̀nà lè kà á tán, kó sì rí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó ń gba ọ̀rọ̀ wọlé, tó sì ń pín in fún àwọn tó ni ín. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìlànà tí sáfà ìtàkùrọ̀sọ ń tẹ̀ lé ni XMPP, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Jabber. Jeremie Miller, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló gbé e síta ní ọdún 1999. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ni ìlànà yìí. Ilé-ẹ̀kọ́, ilé-iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ lè dá sáfà tirẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì máa bá àwọn tó wà lórí sáfà mìíràn sọ̀rọ̀. Sọ́fítíwíà ejabberd, tó ń lo ìlànà yìí, ni àwọn tó dá WhatsApp sílẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe lọ́nà tiwọn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá wù ló ń ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn tí Edward Snowden tú àṣírí bí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ní ọdún 2013, àwọn tó ń bójú tó sáfà XMPP fohùn ṣọ̀kan. Láti ọjọ́ 19, oṣù karùn-ún, ọdún 2014, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba ọ̀rọ̀ tí wọn kò tì wọlé mọ́.

Bí títì náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹnu ọ̀nà méjì ni sáfà XMPP máa ń lò jù. Àwọn oníbàárà ń gba ẹnu ọ̀nà 5222 wọlé, àwọn sáfà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń gba 5269. Níbi méjèèjì, gbangba ni ìkíni àkọ́kọ́ ti máa ń wáyé. Sáfà á wá sọ pé òun lè ti ilẹ̀kùn. Ìpè yìí ni wọ́n ń pè ní STARTTLS. Bí ẹni tó wọlé bá gbà, sáfà á fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ hàn, àwọn méjèèjì á fi ẹnu kò lórí kọ́kọ́rọ́, gbogbo ohun tó bá kù á sì di àrokò tí ẹlòmíràn kò lè tú.

Ibẹ̀ ni ewu àkọ́kọ́ wà. Ẹni tó lúgọ sójú ọ̀nà lè yọ ìpè STARTTLS kúrò kó tó dé etí oníbàárà. Bí títì ilẹ̀kùn kò bá pọn dandan, ọ̀rọ̀ á máa lọ ní gbangba, kò sì sẹ́ni tó máa fura.

Ohun tí alábòójútó gbọ́dọ̀ ṣe

Àkọ́kọ́ ni láti gba ìwé ẹ̀rí. Let's Encrypt ti ń fúnni ní èyí lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2015. Orúkọ tó wà lẹ́yìn àmì @ nínú àdírẹ́sì àwọn oníbàárà ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ náà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ gan-an nìyí. Fáìlì kọ́kọ́rọ́ tó bá a rìn kò gbọ́dọ̀ ṣeé kà fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí sọ́fítíwíà sáfà náà.

Èkejì ni láti sọ títì di dandan. Nínú sọ́fítíwíà Prosody, fáìlì prosody.cfg.lua ni wọ́n ń kọ ọ́ sí: c2s_require_encryption = true fún àwọn oníbàárà, s2s_require_encryption = true fún àwọn sáfà ẹlẹgbẹ́. Bí wọ́n bá fi s2s_secure_auth = true kún un, sáfà tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò bá pé kò ní ráyè wọlé.

Ẹ̀kẹta ni láti pa àwọn ìlànà àtijọ́ tì. SSL 3 ti bàjẹ́ láti ọdún 2014, wọ́n sì fẹ̀yìn TLS 1.0 àti 1.1 tì ní ọdún 2021. TLS 1.2 àti 1.3 ló yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àṣẹ prosodyctl check certs á sọ bóyá ìwé ẹ̀rí náà péye.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí jabber.ru

Ṣùgbọ́n títì nìkan kò tó. Sáfà jabber.ru, tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń lò, tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní Jámánì, ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹwàá, ọdún 2023, ẹnì kan fẹ́ wọlé, ó sì rí i pé wọ́n ní ìwé ẹ̀rí sáfà náà ti kọjá ọjọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀rọ náà wò, ìwé ẹ̀rí tó wà lórí rẹ̀ kò tíì kọjá ọjọ́ rárá. Ẹnì kan ti dúró sójú ọ̀nà ẹnu ọ̀nà 5222, ó ń fi ìwé ẹ̀rí mìíràn, tí àwọn alábòójútó kò béèrè fún, dá àwọn oníbàárà lóhùn. Ó kéré tán, ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ìgbàgbé rẹ̀ láti tún ìwé ẹ̀rí náà gbà ló tú u fó.

Ó ti pẹ́ tí ìwé ẹ̀rí àjèjì náà ti wà nínú àkọsílẹ̀ gbangba tí wọ́n ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí. Àìsí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ló fà á tí kò fi hàn. Nítorí náà, ó yẹ kí alábòójútó máa wo àkọsílẹ̀ yìí, kó fi CAA sínú DNS rẹ̀ láti sọ ẹni tó lè gba ìwé ẹ̀rí lórúkọ rẹ̀, kó sì lo SCRAM oní-PLUS, tó ń so ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé mọ́ ìsopọ̀ TLS gan-an.

Fún oníbàárà, OMEMO, tó jáde ní ọdún 2015, ń ti ọ̀rọ̀ láti ọwọ́ ẹni tó fi í ránṣẹ́ títí dé ọwọ́ ẹni tó gbà á, tí sáfà pàápàá kò ní lè kà á. Kó tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ yẹ kọ́kọ́rọ́ ara wọn wò. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì náà ń fẹ́ olùṣọ́.