Aró Ìlàrí àti Irun Pupa

Bí a bá ń kọ ìtàn Ọ̀yọ́, ogun, oyè àti ẹṣin ni a sábà máa ń kọ nípa wọn. Àwọn òpìtàn wa kì í dúró pẹ́ níwájú obìnrin tí ó jókòó sórí àpótí, tí ó fi orúnkún méjèèjì gbá ọmọbìnrin kan mú, tí ó ń fi ìlarun ya irun orí rẹ̀ sí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ Ọjà Akẹ̀sán, ọjà ọba tí ó wà nítòsí ààfin Aláàfin, mọ̀ pé kì í ṣe ibi títà àti rírà nìkan. Ibẹ̀ ni a ti ń tún orí ṣe pẹ̀lú. Iná jó ọjà náà ní oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ sì tún un kọ́. Òrí àti àdín wà níbẹ̀ lónìí, ọṣẹ dúdú wà, ike rílásà àti páálí kẹ́míkà tí a fi ń bó irun náà sì wà. Orí kan náà ni gbogbo wọn ń lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ni ó mú mi gbé kálámù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó ṣe ìgbéyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ó wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ìborùn lórí. Irun rẹ̀ gùn, ó kọjá èjìká dáadáa. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń tọ́jú rẹ̀ fún un. Ní ṣọ́ọ̀bù onírun kan ní ìlú ńlá tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ti bá a bó ìdajì rẹ̀ títí dé ṣóńṣó, nítorí pé àwọ̀ wúrà ni ó fẹ́ fún ọjọ́ náà. Nígbà tí ó ṣí ìborùn, ohun tí mo rí jọ irùngbọ̀n àgbàdo tí oòrùn ti pa. Bí ó ti fi òòyà kàn án ni ó ń já. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wá nǹkan tí yóò mú un padà bọ̀ sípò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e."

Mo mú un lọ sí Akẹ̀sán, sọ́dọ̀ ìyá onídìrí kan tí ó ti ń dirun fún mi láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá náà kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó mú fọ́nrán irun mélòó kan láàárín ìka méjì, ó fi omi sí i, ó fà á díẹ̀. Irun náà fà gùn bí gọ́mù, kò sì sún kì mọ́, ó já. Ìyá wo ojú mi, ó wá wo ojú ìyàwó. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí ti lọ. Èyí tó kù ni ká tọ́jú." Ọmọ náà bú sẹ́kún.

Kí a tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wọn parí sí, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè bóyá òtítọ́ ni ohun tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé àwọn Òyìnbó ni wọ́n kọ́ wa láti máa yí àwọ̀ irun padà. Mo ti gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ rí, mo tilẹ̀ ti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. N kò gbà á gbọ́ mọ́ báyìí.

Samuel Johnson, tí ó ṣe àlùfáà ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn ńlá rẹ̀ ní 1897. Ó kú ní 1901, ọdún 1921 ni ìwé náà sì tó jáde, lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀ Obadiah ti tún un ṣe. Nínú rẹ̀ ni a ti kà nípa àwọn Ìlàrí, àwọn ìránṣẹ́ ọba tí orúkọ wọn jẹ mọ́ bí a ti ń la orí wọn. A máa ń fá apá kan orí wọn, a óò sì fi apá kejì sílẹ̀ di ìgbà mìíràn; ṣùgbọ́n ibi tí a ti sín gbẹ́rẹ́ sí wọn lórí, a kì í fá a. Irun ibẹ̀ a máa gùn dé ibi tí ó bá lè gùn dé, a óò dì í, a óò sì máa pa á láró nígbà mìíràn. Aró kan náà tí a fi ń pa aṣọ ni o. Irun gígùn tí a pa láró jẹ́ àmì ọba lára ìránṣẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, kí ẹnikẹ́ni níbí tó mọ ohun tí ń jẹ́ ṣọ́ọ̀bù onírun.

Ẹ fi èyí kún un pé àwọn ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ọkùnrin pọ́ńbélé, a máa dirun bí obìnrin, nítorí pé ìyàwó òrìṣà ni a kà wọ́n sí. Johnson náà fi yé wa pé irun wúńdíá yàtọ̀ sí ti abilékọ: ti wúńdíá a máa wẹ́, a sì máa pọ̀ lọ́nà, bí ó bá sì ti wẹ́ tó ni ó ṣe ń wu ojú tó. Nítorí náà, irun ní Ọ̀yọ́ jẹ́ ohun tí a ń kà bí ìwé. Ẹni tí ó bá rí orí rẹ mọ ilé tí o ti wá, ó mọ̀ bóyá o ti wà nílé ọkọ, ó sì mọ ẹni tí o ń sìn.

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí mo rí láàárín aró Ìlàrí àti irun pupa òde òní ni pé aró ń fi kún un, kẹ́míkà sì ń yọ nínú rẹ̀. Aró dà bí aṣọ tí a wọ̀ fún irun. Bíbó ni bíbọ́ aṣọ tí a bí irun mọ́, ìyẹn kì í sì í ṣe aṣọ tí a lè tún wọ̀.

Ìtàn bíbó irun náà kò pẹ́ púpọ̀. Ní 1818 ni Louis Jacques Thénard, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Faransé, ṣàwárí hydrogen peroxide. Ní 1867, níbi àfihàn àgbáyé tí ó wáyé ní Paris, wọ́n fi han àwọn ènìyàn bí a ti lè fi í mú irun mọ́lẹ̀. Ní 1907, Eugène Schueller ṣe aró irun tirẹ̀, láti inú èyí tí ilé iṣẹ́ L'Oréal ti wá. Ọdún 1867 yẹn kan náà ni wọ́n bí Madam C. J. Walker ní Amẹ́ríkà, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó di ọlọ́rọ̀ nídìí ìtọ́jú irun. Àwọn ènìyàn a máa rò pé irun títọ́ ni ó gbájú mọ́. Irun tirẹ̀ tí ń re dànù ni ó mú un bẹ̀rẹ̀, ìpara tí ó sì ń tà, imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀, awọ orí ni ó wà fún. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1919, òwò náà ń gbòòrò sí i, títí George E. Johnson fi dá Johnson Products sílẹ̀ ní Chicago ní 1954, tí rílásà sì di ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

Nílé wa níbí, kò sí ẹni tí ó fi àwòrán sọ ìtàn irun tó J. D. 'Okhai Ojeikere. Láti 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, láti ẹ̀yìn lọ́pọ̀ ìgbà, títí àwòrán náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún. Ó kú ní 2014. Ẹni tí ó bá wo àwòrán wọ̀nyẹn yóò rí irun kíkó tí ó dúró bí ilé, èyí tí a ń pè ní onílé gogoro, àti èyí tí a sọ lórúkọ afárá Èkó. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, àwọn onídìrí sọ irun kan ní "ogun parí". Ibo ni ìtàn orílẹ̀-èdè wà bí kò bá sí lórí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn?

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyàwó wa. Kí ló dé tí ìyá onídìrí fi sọ pé irun náà ti lọ? Irun tí a ń rí lórí kì í ṣe ohun alààyè. Ìdí rẹ̀ tí ó wà nínú awọ nìkan ni ó wà láàyè; èyí tí ó ti yọ síta dà bí èékánná, kò lè wo ara rẹ̀ sàn. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ́ tín-ín-tìn-ìn-tín tí ó tò lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Kẹ́míkà ń mú kí ìpẹ́ yìí ṣí, hydrogen peroxide yóò sì wọlé lọ bá àwọ̀ dúdú tí ó wà nínú, yóò tú u ká. Ìdá 6, 9 tàbí 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn onírun máa ń lò, bí ó bá sì ti le tó ni ìparun rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Àwọ̀ nìkan kọ́ ni ó ń tú. Ìdè imí ọjọ́ kan wà tí ó so èròjà irun pọ̀, òun náà a máa já. Rílásà pẹ̀lú, ìdè yẹn kan náà ni ó ń já kí irun tó lè tọ́. Irun tí a fi rílásà tọ́, tí a tún wá bó, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti gé okùn rẹ̀. Irun tiwa tí ó lọ́ kókó-kókó, ibi tí ó bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́ ni ó ti máa ń kọ́kọ́ já.

Nígbà náà, kí ni òrí àti àdín lè ṣe? Wọn kò lè tún okùn tí ó já so. Òrí tí a ń rí lára èso emi, igi ilẹ̀ ọ̀dàn Ọ̀yọ́, ń bo ara irun, kí ó má baà máa ha ara rẹ̀ já. Ti àdín jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2003, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Íńdíà tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé òróró àgbọn ń wọ inú irun, ó sì ń dín èròjà tí irun ń pàdánù kù, títí kan irun tí a ti bó. Èròjà ọ̀rá tí ó pọ̀ jù nínú òróró àgbọn ni ó pọ̀ jù nínú àdín náà. Àwọn ìyá wa kò ka ìwádìí, ṣùgbọ́n àdín, èèwọ̀ Èṣù yẹn, kì í wọ́n nínú ilé wọn. N kò ní torí ìfẹ́ ilé pa irọ́ ṣá o: ọṣẹ dúdú tí a ń yìn, eérú ni a fi ń sè é, ó sì le fún irun tí ìpẹ́ rẹ̀ ti ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni irun tí a dì le jù a máa mú kí iwájú orí pá. Onídìrí tí ó bá ń fà ọ́ títí ojú rẹ fi ń ṣe omijé ń ba orí rẹ jẹ́ bí kẹ́míkà ti ń bà á jẹ́.

Ìyàwó sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìyá onídìrí kò bínú, kò sì mú sísọ́ọ̀sì. Ó ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí, pé kí ó lọ sílé lọ rò ó. Ó bu àdín sínú ìgò kékeré fún un, ó ní kí ó fi pa á lálẹ́, kí ó má sì ṣe fi òòyà ẹlẹ́nu wẹ́ẹ́rẹ́ kàn án, kí ó fi ọwọ́ tú u nígbà tí ó bá tutù. Fún ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé mi. Jíjá náà dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ karùn-ún, ó fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé kí a padà lọ.

Ìdajì tí kẹ́míkà kò dé kan èjìká díẹ̀. Ìyá gé ìyókù ní díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ibi tí dúdú ti bẹ̀rẹ̀, ó fi òrí sí i, ó wá di ṣùkú fún un, kò le, kò sì dẹ̀. Ṣùkú kò béèrè irun gígùn púpọ̀. Àárín orí ni gbogbo rẹ̀ ń pàdé sí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n fi iyùn tí ìyá rẹ̀ mú wá yí i ká.

Kí a tó kúrò ní Akẹ̀sán lọ́jọ́ tí wọ́n gé e, ìyá onídìrí gbá gbogbo irun pupa náà jọ, kò jẹ́ kí ọ̀kan kù nílẹ̀. Ó dì í sínú bébà, ó fi lé ẹni tí ó ni ín lọ́wọ́.