Lẹbẹ́ Ẹ̀yìn Mọ́tò: Àárò Ọkọ̀ Amẹ́ríkà, Iṣẹ́ Dagenham àti Ọwọ́ Àwọn Panẹbítà Wa

Àárò ọkọ̀ Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ ń sọ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá tó ń gbé ní àdúgbò Abbey, ní Barking, níhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìgbà èwe wọn, kì í pẹ́ dé orí mọ́tò: bọ̀gìnnì tó gùn gbọọrọ, irin tó ń dán yinrin níwájú, àwọ̀ méjì lára ọkọ̀ kan ṣoṣo, àti lẹbẹ́ méjì tó yọ sókè lẹ́yìn bíi ti ẹja. Àwọn àgbà òyìnbó tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò náà ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan á ní kí a má ka irú àárò yìí sí, pé afẹ́ lásán ni. Èmi kò gbà. Ìtàn pàtàkì wà nínú àárò náà. Ibi tí a ń darí rẹ̀ sí ni kò tọ́. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé púpọ̀ nínú ẹwà Amẹ́ríkà tí àwọn bàbá wa rí ní Èkó àti Ìbàdàn láàárín 1950 sí 1965, Dagenham ni wọ́n ti rọ irin rẹ̀, níbi tí kò jìnnà sí Abbey rárá. Ohun kejì ni pé ẹni tó mú un pẹ́ láyé kì í ṣe ẹni tó yà á sórí bébà. Àwọn mẹkáníìkì àti panẹbítà ilé wa ni.

Amẹ́ríkà ni orísun ẹwà náà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ní 1927 ni General Motors gba Harley Earl kó máa darí ẹ̀ka tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju bí mọ́tò yóò ṣe rí lójú lọ. Kó tó dé, ẹ́ńjìnnì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń rò ṣáájú, ara ọkọ̀ ló ń gbẹ̀yìn. Lábẹ́ Earl, amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ odidi ọkọ̀ kí wọ́n tó lu irin kankan, kí ojú kọ́kọ́ rí i, kí ọwọ́ sì pa á wò. Nígbà tó di 1948, Cadillac gbé lẹbẹ́ kékeré jáde lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n wò lára ọkọ̀ òfurufú ogun Lockheed P-38. Ní Chrysler, Virgil Exner náà gba ọ̀nà tirẹ̀, pàápàá ní 1957. Lẹbẹ́ ń ga, ó ń mú ṣóńṣó, títí tí ti Cadillac ọdún 1959 fi borí gbogbo wọn. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn gbangba, Earl kò sì fi í pa mọ́: kí ẹni tó ra ọkọ̀ lọ́dún yìí rí ti ọdún tó ń bọ̀, kí tirẹ̀ sì sú u. Wọ́n dìídì ṣe ẹwà náà kó lè tètè gbó lójú olówó rẹ̀ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò wúlò níwájú.

Báwo ni ẹwà yìí ṣe wá dé ilẹ̀ Yorùbá? Ohun méjì ló dí ọkọ̀ Amẹ́ríkà gan-an lọ́nà. Owó ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, dọ́là wọ́n gógó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní gbogbo ilẹ̀ tó ń ná pọ́n-ùn. Pọ́n-ùn ni Nàìjíríà náà ń ná, lábẹ́ ìgbìmọ̀ owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìjọba amúnisìn sì ń fi ìwé àṣẹ dín ọjà tí wọ́n bá máa fi dọ́là rà kù. Ìparí ọdún 1958 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ kí àjèjì lè pààrọ̀ pọ́n-ùn sí dọ́là fàlàlà. Ìkejì ni ọ̀nà fúnra rẹ̀: apá òsì ni a ń wa mọ́tò sí ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ kejì Oṣù Kẹrin 1972, nígbà tí sítíárì ọkọ̀ Amẹ́ríkà wà lápá òsì. Chevrolet àti Buick kò ṣàì wọlé, àwọn olówó ńlá ńlá gùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ irú ojú bẹ́ẹ̀ láìní agbára irú owó bẹ́ẹ̀, ọ̀nà míì ló gbà rí i.

Dagenham, níbi tí ilé iṣẹ́ mọ́tò Ford wà, ni ọ̀nà náà. Edsel, ọmọ Henry Ford, ló kọ́kọ́ ta ṣọ́bìrì sí ilẹ̀ àbàtà ẹ̀bá odò Thames ní 1929, ọkọ̀ ẹrù àkọ́kọ́ sì jáde níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹwàá 1931. Wọ́n ní èbúté tiwọn, wọ́n ní iná ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin fúnra wọn. Láti Barking àti láti Becontree, agbègbè ilé ìjọba tí wọ́n kọ́ láàárín 1921 sí 1935, ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń jí lọ. Ní 1953, nígbà tí Ford ra Briggs, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ara ọkọ̀ fún un, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó nǹkan bí 40,000.

Ní Oṣù Kẹwàá 1950, níbi ìpàtẹ mọ́tò Earls Court, Ford fi Consul àti Zephyr han aráyé. Ọkọ̀ Ford Amẹ́ríkà ọdún 1949 ni wọ́n fi jọ, àfi pé wọ́n dín in kù kó lè gba ọ̀nà tóóró. Gíà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì, ìjókòó iwájú gùn láti ilẹ̀kùn kan dé èkejì. Apá ọ̀tún ni sítíárì wà, pọ́n-ùn sì ni owó rẹ̀. Ìran kejì wọn dé ní 1956, ó gùn sí i, ó sì fẹ̀ sí i. Lójú tèmi, òun ló rẹwà jù lọ nínú ohun tí Dagenham ṣe. Nígbà tó di 1962, ìran kẹta Zephyr yọ lẹbẹ́ gidi. Láàárín wọn ni Anglia ọdún 1959 wà, ọkọ̀ kékeré tí òkè gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ yọ síta ju ìsàlẹ̀ lọ, àrà tí àwọn Lincoln àti Mercury ti dá ní Amẹ́ríkà ṣáájú. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni Zephyr. Ní 1955, òun ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Coronation Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, lórí ọ̀nà eruku àti ẹrẹ̀ tí kò ṣojú rere sí mọ́tò kankan.

Ìtàn Roy Brown ló fi hàn jù lọ bí Detroit, ìlú mọ́tò Amẹ́ríkà, àti Dagenham ṣe wọnú ara wọn. Òun ló yàwòrán Edsel, ọkọ̀ tí Ford gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1957 pẹ̀lú ariwo ńlá, tí ọjà rẹ̀ sì kú pátápátá kí 1959 tó parí. Wọ́n ní kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ayé sì rò pé ó ti parí fún un. Ọkọ̀ Cortina ló fi dá wọn lóhùn ní 1962. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ Cortina àkọ́kọ́ yẹn dáadáa: ìlà jíjìn kan wà lára irin náà, ó gba ara ilẹ̀kùn kọjá títí ó fi dé ẹ̀yìn, ibi tí iná pupa roboto kan ti pàdé rẹ̀, iná tí wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ará Amẹ́ríkà pọ́ńbélé ni ìlà náà. Ṣùgbọ́n ní Dagenham ni ẹ̀rọ ti tẹ irin rẹ̀, àwọn ènìyàn tó ń gbé ní Barking ló sì dúró ti ẹ̀rọ náà.

Àwọn wo ni? Nínú wọn ni àwọn obìnrin 187 wà, tí wọ́n ń rán aṣọ ìjókòó ọkọ̀. Ní ọjọ́ keje Oṣù Kẹfà 1968 ni wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ọkùnrin ni wọ́n ń san fún wọn. Mọ́tò tí kò ní ìjókòó kò ṣeé tà, gbogbo Dagenham sì dúró. Ìjà náà wà lára ohun tó bí òfin owó iṣẹ́ ọgbọọgba ti 1970. Ìjókòó tí adájọ́ kan ní Ìbàdàn fi ẹ̀yìn tì nínú Zephyr rẹ̀, irú ọwọ́ wọn ló rán an. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tí àárò ọkọ̀ ń sọ dárúkọ wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ilé. Owó kòkó ga gan-an ní 1954, àwọn oníṣòwò kòkó, lọ́yà, dókítà àti olóṣèlú sì ń ra mọ́tò. Àwòrán ìgbà náà wà ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní Abbey: ọkùnrin kan nínú agbádá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ tí wọ́n tò síwájú bọ́ńpà. A gbọ́dọ̀ ṣọ́ra bí a bá ń ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ní Bamako, ní Mali, Seydou Keïta, gbajúmọ̀ ayàwòrán, máa ń lo Peugeot 203 tirẹ̀ nínú àwòrán àwọn oníbàárà rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbọ́wọ́ lé mọ́tò ló ni ín. Ìyì tí ọkọ̀ fún un níwájú kámẹ́rà, tirẹ̀ ni ní tòótọ́, ìyẹn sì ni ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ jogún.

Ẹnìkan wà tí kì í sí nínú àwòrán náà. Zephyr tí wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe ní Dagenham kò ṣíwọ́ rírìn ní Mushin, ní Èkó. Ó ti ọwọ́ lọ́yà bọ́ sọ́wọ́ tíṣà, ó ti ọwọ́ tíṣà bọ́ sọ́wọ́ oní-kábúkábú. Bí fẹ́ńdà bá fọ́, ìwé pé kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Panẹbítà á tú u sílẹ̀, á gbé irin kan tì í lẹ́yìn, á fi òòlù máa tẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ níwájú, á pa ọwọ́ lé e, á tún lù ú. Níbi tí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́, á gé e kúrò, wẹ́dà á sì jó irin tuntun mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni pọ́tì, bébà yíyùn, ọ̀dà. Lẹbẹ́ tí onímọ̀ fi amọ̀ mọ ní oṣù gbọọrọ, ojú lásán ni panẹbítà fi wọ̀n ọ́n, ó sì padà sí bó ṣe wà. Rẹwáyà ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó tú gbogbo wáyà Dagenham dànù tó sì to tirẹ̀. Jojada Verrips àti Birgit Meyer kọ nípa irú iṣẹ́ yìí lórí ọkọ̀ awakọ̀ kan ní Gánà, nínú ìwé tí Daniel Miller ṣe olóòtú rẹ̀ ní 2001. Wọ́n fi hàn pé mọ́tò tó dé Áfíríkà kì í ṣe mọ́tò tó kúrò ní Yúróòpù mọ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn, mo sì fi kún un: ẹwà tí wọ́n ṣe kó lè gbó láàárín ọdún kan ni àwọn oníṣẹ́ wa sọ di ohun tó lo ogún ọdún. Earl àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò rò ó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu àárò yìí ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ní 1965, Ralph Nader tú àṣírí àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ó sì fi hàn pé ọ̀ṣọ́ wọn ń pa ènìyàn; lẹbẹ́ gan-an ti ṣe ènìyàn léṣe. Nínú ìwé Miller tí mo mẹ́nu bà yẹn, Paul Gilroy kọ nípa bí ọkọ̀ ṣe di ohun tí àwọn Aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà fi ń wá ìyì tí wọ́n fi dù wọ́n, ó sì ń bẹ̀rù pé ìfẹ́ ọjà lè gba ipò ìjà àjùmọ̀jà. Ìbẹ̀rù náà tọ̀nà. Àní, mọ́tò níní nìkan kò tó: láti 1936 ni Victor Green ti ní láti máa tẹ ìwé atọ́nà jáde kí Aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà tó ní mọ́tò lè mọ ibi tí wọn yóò ti jẹ́ kó sùn. Ṣùgbọ́n Svetlana Boym, nínú ìwé rẹ̀ lórí àárò ní 2001, ya oríṣi méjì sọ́tọ̀: èyí tó fẹ́ tún àná kọ́ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, àti èyí tó ń ronú lórí àná láìfẹ́ padà sí i. Èkejì ni mo ń gbèjà rẹ̀, mo sì sọ pé kò pé bí kò bá dárúkọ òṣìṣẹ́.

Ẹ̀rí mi wà nítòsí. Ní 1996, ó hàn sí gbogbo ayé pé nínú àwòrán ìpolówó kan tí Ford ya àwọn òṣìṣẹ́ Dagenham, wọ́n ti yọ ojú àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe òyìnbó, wọ́n sì fi ojú òyìnbó rọ́pò wọn. Ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, ó sì san £1,500 fún mẹ́rin nínú wọn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe sí àwòrán náà ni à ń fi ẹnu ṣe sí ìtàn ọkọ̀ nígbà gbogbo tí a bá yin Detroit tí a sì dákẹ́. Ju ìdá kan lọ nínú ìdá márùn-ún àwọn ará Barking àti Dagenham ló jẹ́ Aláwọ̀dúdú lónìí. Àwọn wọ̀nyí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti ilé tí Zephyr ti di arúgbó, ń gbé níbi tí wọ́n ti bí Zephyr. Kò sí ẹlòmíràn tí apá méjèèjì ìtàn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.

Ní ogúnjọ́ Oṣù Kejì 2002 ni mọ́tò tó kẹ́yìn, Fiesta kan, jáde ní Dagenham. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láti ìgbà náà. Àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí Zephyr ti dàgbà, àwọn tó tún un ṣe nílé sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí àwòrán bàbá yín àti mọ́tò wà lọ́wọ́ yín ní Abbey, ẹ yí i padà, kí ẹ kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀: orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀, ti dẹ́rẹ́bà, ti mẹkáníìkì, ti panẹbítà bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rántí, àti ìlú tí ó ti ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí Valence House ní Dagenham, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ìtàn agbègbè yìí, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbà á.