Ibi Tí Yóò Gbà Bẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹ̀bú-Òde, àbúrò bàbá mi a máa tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ọ̀nà Fọlágbadé. Bí wọ́n bá fa afẹ́fẹ́ sínú táyà tí ó ti gbó, ibì kan lára rẹ̀ a wú yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Àwa ọmọdé a ní kí á wọ̀n ọ́n, kí á lè mọ̀ bóyá yóò bẹ́. Bàbá kì í wọn ohunkóhun. Wọn a fi àtàǹpàkò tẹ ara táyà náà yíká, wọn a sì nawọ́ sí ojú kan pé, “Ibí ni yóò gbà bẹ́.” Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ibi tí ó wú jù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo rántí nígbà tí mo ń ka ìtàn àìsàn kan, èyíinì ni wíwú olú-iṣan ẹ̀jẹ̀. Iṣan yìí ni ó ti inú ọkàn jáde, tí ó gba àyà sọ̀ kalẹ̀ dé ikùn, tí àwọn yòókù sì ya lára rẹ̀ bí ẹ̀ka lára igi. Nínú ikùn, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ogbó, sìgá mímu àti ẹ̀jẹ̀ ríru a máa sọ ara rẹ̀ di ẹlẹgẹ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ìrora. Ọjọ́ tí ó bá bẹ́, ẹni tí ó jẹ oúnjẹ alẹ́ lè má rí òwúrọ̀. Ní ilé wa, ayé ni a ó sọ pé ó ṣe é.

Thomas Young, oníṣègùn ará Ìlú Ọba, ní 1805, àti Laplace ará Faransé, ní 1806, ni wọ́n kọ́kọ́ fún wa ní ìṣirò tí a lè fi tú u. Ọ̀rọ̀ bí ojú omi ṣe ń tẹ̀ nínú ihò tóóró ni àwọn ń wádìí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òfin wọn dé ara iṣan, ohun tí ó wí nìyí: bí iṣan bá ṣe ń fẹ̀ sí i ni ẹrù tí ara rẹ̀ ń rù ń pọ̀ sí i, bí agbára ẹ̀jẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà. Iṣan tí ó ti 2 di 6 ń ru ìlọ́po mẹ́ta. Bí ara rẹ̀ bá tún fẹ́lẹ́ dé ìdajì, ìfà tí ó wà lára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́fà. Ẹ ò rí i pé ìparun ara rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ fún!

Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn tí àìsàn yìí pa ni Albert Einstein. Ní oṣù Kejìlá 1948, Rudolf Nissen là á ní ikùn ní Brooklyn, ó bá iṣan tí ó wú, ó sì fi ọ̀rá tín-ín-rín wé e. N kò lè ka ibẹ̀ kí n má rẹ́rìn-ín, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni Bàbá ṣe máa ń fi rọ́bà wé táyà. Ó kúkú mú un dé 1955. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà iṣan bẹ́; Einstein kọ̀ kí wọ́n tún là á, ó sì kú ní ọjọ́ 18.

Lẹ́yìn èyí, fífẹ̀ ni àwọn oníṣègùn gbójú lé. Ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní Ìlú Ọba ní 1998 fi hàn pé kò sí èrè nínú kí á tètè máa la ẹni tí iṣan rẹ̀ kò tíì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5.5. Òfin rere ni. Síbẹ̀ iṣan àwọn kan a máa bẹ́ kí ó tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn a sì gbé èyí tí ó tóbi jù ú lọ títí di ọjọ́ ogbó. Òfin Laplace dára fún ohun tí ó rí róbótó. Iṣan tí ó wú kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ òfúrufú ni ojútùú ti wá. Ní 1956, Turner, Clough àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà kọ́ni bí a ṣe lè fi ìṣirò pín apá ọkọ̀ òfúrufú sí wẹ́wẹ́, kí á wá ìfà tí ó wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí á sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀ padà. Ọwọ́ ènìyàn kò lè ká irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ni í ṣe é. Ẹ̀rọ tí ń ya inú ara ènìyàn ní ìpele-ìpele sì dé ní 1971. Allan Cormack, tí wọ́n bí ní Johannesburg, wà lára àwọn tí ó ṣí ọ̀nà rẹ̀. Ìgbà tí àwọn méjèèjì pàdé ni a tó lè gbé iṣan aláìsàn fúnra rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ní 1987 ìwé kan jáde lórí bí ìrísí iṣan ṣe ń yí ìfà ara rẹ̀ padà. Ní 1998 Vorp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé iṣan méjì lè fẹ̀ bákan náà, kí èyí tí ó wú sí ẹ̀gbẹ́ kan máa ru ju èkejì lọ. Ní 2002 Fillinger àti àwọn tirẹ̀ ṣírò ti àwọn aláìsàn gan-an, wọ́n sì rí i pé ìfà ara iṣan ń sọ ẹni tí ó wà nínú ewu ju bí fífẹ̀ ti ń sọ ọ́ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé irú ìmọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa. Ayọ̀délé Awójọbí, ọmọ Ìkòròdú, ìlú tí ìtàn rẹ̀ so mọ́ ti Rẹ́mọ, wà ní London ní ọdún 1965 tí òun àti Grootenhuis tẹ ìwé jáde lórí bí ohun líle ṣe ń gbọ̀n lórí ohun tí ń tẹ̀ tí ó sì ń padà sípò. Kì í ṣe iṣan ni ó ń wádìí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìfà àti ìtẹ̀ yìí kan náà ni.

Nígbà tí mo délé ní ìsinmi, mo fi àwòrán kan han Bàbá, èyí tí kọ̀ǹpútà kun ibi tí ìfà pọ̀ sí ní pupa. Pupa náà kò sí níbi tí ó wú jù. Inú mi dùn, mo rò pé wọn yóò yìn mí. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Ẹrù tí ó ń rù ni ẹ rí yìí. Ta ni ó fọwọ́ tẹ ara rẹ̀ wò, kí ó mọ̀ bí ó ti gbó tó?”

N kò rí èsì fún wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ìwádìí wà lónìí: àwòrán kò lè sọ bí ara iṣan alààyè ṣe lágbára tó níbi kọ̀ọ̀kan, àfi kí á gé e wò, ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi ṣì ń lo 5.5.