Irúgbìn Àlejò Nínú Ara Eku

Àgàn ni èdè wa ń pe obìnrin tí kò bímọ. Akúra àti òkóbó ni a ní fún ọkùnrin tí ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ní ti ọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n tí kò sí irúgbìn nínú àtọ̀ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni a sábà máa ń dá lẹ́bi.

Inú kórópọ̀n ni irúgbìn náà ti ń ṣẹ̀, níbi tí ojú kò tó. Ara eku ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wádìí rẹ̀ jù. Ní 1994, Ralph Brinster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, mú sẹ́ẹ̀lì láti inú kórópọ̀n eku kan, wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tì í sínú ti eku mìíràn tí kò ní irúgbìn tirẹ̀. Wọ́n ti fi àmì sí sẹ́ẹ̀lì náà lára, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè yọ àwọ̀ aró. Àlejò náà fìdí múlẹ̀, ó di àtọ̀, àwọn eku kan sì fi í bímọ. Ta ni baba? Lójú tèmi, eku tí ó fúnni ní sẹ́ẹ̀lì ni, bí kò tilẹ̀ súnmọ́ abo kankan.

Ní 1996, wọ́n gbé sẹ́ẹ̀lì èkúté ńlá sínú eku kékeré tí àbò ara rẹ̀ kò lágbára, ó sì di àtọ̀ èkúté níbẹ̀. Ìyàlẹ́nu gan-an dé ní 1998, nígbà tí wọ́n ka ọjọ́. Àyípo kan nínú iṣẹ́ yìí ń gba nǹkan bí ọjọ́ 9 lára eku, ó ń gba nǹkan bí 13 lára èkúté. Sẹ́ẹ̀lì èkúté kò ka ọjọ́ onílé sí. Ọjọ́ 13 tirẹ̀ ni ó ń lò.

Ti ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé sínú eku ní 2002 wà láàyè fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n kò di àtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn náà ká àwọn ọmọdékùnrin mọ́: oògùn tí ń pa jẹjẹrẹ lè pa irúgbìn wọn pẹ̀lú, wọn kò sì tíì ní àtọ̀ tí a lè fi pamọ́.

Ọ̀bọ súnmọ́ wa ju eku lọ. Ní 2019, iṣẹ́ kan jáde láti Pittsburgh, orúkọ Adétúnjí Fáyọmí ni ó sì ṣíwájú lára àwọn tí ó kọ ọ́. Wọ́n gé kórópọ̀n ọ̀bọ tí kò tíì bàlágà, wọ́n gbé e sínú òtútù líle, lẹ́yìn náà wọ́n lọ́ ọ sábẹ́ awọ ọ̀bọ náà gan-an. Ó mú àtọ̀ jáde. Wọ́n fi bí ọmọ kan, abo, tí wọ́n pè ní Grady.

Àwọn ilé ìwòsàn kan lókè òkun ti ń gé díẹ̀ pamọ́ fún àwọn ọmọdékùnrin kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí ni ó ń fọwọ́ sí i, nígbà tí ọmọ náà kò tíì mọ ohun tí ń jẹ́ baba.