Ọmọ Ọlọ́mọ Ni Mo Kó Jọ

Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi pé wọ́n ti dìbò yàn mí láti máa darí àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Èló ni wọ́n ń san?" Mo ní kò sówó níbẹ̀. Ó tún ní, "Níbo ni àwọn ọmọ náà wà?" Mo nawọ́ sí kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì. Ó wò mí, ó wo kọ̀ǹpútà, ó sì padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀. Títí di òní olónìí, bí àlejò bá wọlé wa, ìtàn yẹn ló fi ń dá wọn lára yá.

Èmi náà kò bá a jà. Bí ọ̀rọ̀ ọmọdé ló rí létí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí pé nínú eré tí kò lẹ́mìí yìí ni mo ti ṣẹ àgbàlagbà kan, mo sì mọ̀ pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe dáyé.

Básíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti tọpa. Ní oṣù December 1891, James Naismith, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, jẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé-ẹ̀kọ́ YMCA ní ìlú Springfield ní Amẹ́ríkà. Òtútù kò jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè ṣeré níta, wọ́n sì ń yọ ọ́ lẹ́nu nínú ilé. Ló bá gbé agbọ̀n méjì tí wọ́n fi ń kó èso kọ́ sókè, ọ̀kan lápá ìhín, ọ̀kan lápá ọ̀hún, ó kọ òfin 13 sílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù sínú wọn. Ibi tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nìyí: ọkùnrin yìí wá di kóòṣì ní Yunifásítì Kansas, ó borí nínú eré 55, wọ́n sì nà án nínú eré 60. Nínú gbogbo kóòṣì tí Kansas ti ní, òun nìkan ni nínà rẹ̀ pọ̀ ju bíborí lọ. Ẹni tó dá eré sílẹ̀ mà ni o! Kí a tó máa bú kóòṣì, kí a máa rántí rẹ̀.

Ní ti kí ènìyàn jókòó sílé kí ó máa ṣe mánéjà lórí kọ̀ǹpútà, ọdún 1982 ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Kevin Toms, gbé eré kan jáde tó pè ní Football Manager. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ti tirẹ̀. O máa ra agbábọ́ọ̀lù, o máa tà, o máa yan àwọn tí yóò gbá, o sì máa jókòó kí o máa retí èsì. Wọ́n tẹ àwòrán ojú Toms onírùngbọ̀n sára páálí rẹ̀, bí ìgbà tí dókítà bá tẹ ojú ara rẹ̀ sára ìgò àgbo. Ní 1992, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Paul àti Oliver Collyer, gbé Championship Manager jáde ní tiwọn, ọ̀pọ̀ ọkọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì sùn mọ́.

Nínú àwọn eré àtijọ́ wọ̀nyẹn, ọba ni ọ́ nínú ààfin ara rẹ. Agbábọ́ọ̀lù kò ní bàbá mìíràn lẹ́yìn rẹ. Bí wọ́n bá sì ń nà ọ́, o lè pa ẹ̀rọ kí o tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ṣé ẹ rí i, mo mọ àwọn ènìyàn tó gba ife-ẹ̀yẹ 10 lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló ba ìyẹn jẹ́. Ní 1997, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré kan nílẹ̀ Sweden tí wọ́n ń pè ní Hattrick. Nínú ti èyí, ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ló ni ẹgbẹ́ tí ẹ jọ fẹ́ pàdé. Bí àkókò eré bá tó, wọn á gbá a, bóo sùn, bóo jí. Kò sí pé ò ń pa ẹ̀rọ. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tún ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́, àwọn tí ń ṣeré náà ní orílẹ̀-èdè yẹn ni yóò sì dìbò yan ẹni tí yóò darí wọn. Ní 2007, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé irú rẹ̀ tó jẹ́ ti básíkẹ́ẹ̀tì jáde, BuzzerBeater ni orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo kó sí.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà nígbà náà, iṣẹ́ ọdẹ òru ni mo ń ṣe ní ilé ọ́fíìsì kan. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di mẹ́fà òwúrọ̀, èmi, tọ́ọ̀ṣì, àti kọ̀ǹpútà. Mo sọ ẹgbẹ́ mi ní Mápó, nítorí pé ọmọ Ìbàdàn ni mí.

Bí eré náà ṣe rí nìyí. Sáà kan jẹ́ ọ̀sẹ̀ 14. Ní sáà kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n jẹ́ ọlọ́dún 18 àti 19 á jáde, olúkúlùkù á mú tirẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá kọ mọ́ orúkọ ọmọ náà, tirẹ̀ ni títí ayé, ibi yòówù kí wọ́n tà á sí. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń sọ bí ọwọ́ wọn ṣe mọ iṣẹ́ tó, ó ń gòkè bí àkàbà, láti orí ohun tí a lè pè ní "burúkú jáì" títí dé orí "akọni inú ìtàn". Ara ìta kì í rí èyí. Owó ọ̀sẹ̀ ọmọ náà ni ará ìta ń rí, ìyẹn ni yóò fi máa méfò.

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mánéjà lè kọ́ wọn lọ́sẹ̀ kan. Bí ó bá fẹ́ kí ọmọ kan mọ bí a ti ń darí bọ́ọ̀lù, àfi kí ọmọ náà dúró sí ipò gáàdì, ẹni tí ń fọkọ̀ eré, fún odindi ìṣẹ́jú 48, kí ẹ̀kọ́ náà tó wọlé tán. Inú eré ni o. Bí ọmọ náà bá ga, kì í tètè mọ iṣẹ́ gáàdì, bí ó bá kúrú, iṣẹ́ abẹ́ agbọ̀n kì í tètè wọ̀ ọ́ lára.

Ẹ wá wo mánéjà àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè. Òun kò ní ọmọ kankan. Ọmọ ọlọ́mọ ni gbogbo wọn. Kò lè rà, kò lè tà, kò lè kọ́ wọn ní nǹkan kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ lẹ́tà bẹ àwọn olówó wọn pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ọmọ yín ti mọ ọ́n tó fún mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọ ní báyìí, ẹ má kọ́ ọ ní bẹ́ẹ̀ yẹn. Àkókò kò sì sí. Ọlọ́dún 18 a máa fi ọdún kan dàgbà ní sáà kọ̀ọ̀kan, bó bá ti di 22, ó parí. Sáà mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ 56. Ẹni tó fi eré sílẹ̀ nítorí pé òun fẹ́ jẹ́ ọ̀gá, tó wá lọ dupò yìí, alágbe ló sọ ara rẹ̀ dà. Èmi ni mo sì dupò náà. Lóṣù mélòó kan wọ 2012, wọ́n yàn mí.

Ní sáà àkọ́kọ́ yẹn ni mo rí ọmọ kan nínú ìwé. Ọlọ́dún 18, gíga rẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà méje, ẹgbẹ́ tó mú un sì ń jẹ́ Olúmọ. Ṣé mo tún ní láti bi ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà léèrè ibi tó ti wá? Mo kọ̀wé sí i ní Yorùbá. Ó dá mi lóhùn kí ilẹ̀ tó mọ́: ọmọ Abẹ́òkúta, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, Manchester ló ń gbé, ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Láti ọjọ́ náà, "Ẹ̀gbọ́n" ni mo ń pè é, "Àbúrò" ló ń pè mí. Ó sọ ọmọ náà ní Agùntáṣọọ́lò.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá jẹ́ kí ọmọ yìí máa gbá gáàdì fún sáà mẹ́ta, kò ní sí irú rẹ̀ ní gbogbo Yúróòpù. Abẹ́ agbọ̀n ti mọ́ ọn lára. Dídarí bọ́ọ̀lù ló kù."

Ó ní, "Àbúrò, o mọ̀ pé wọn á máa nà mí."

Mo ní, "Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n aṣọ orílẹ̀-èdè ni."

Ó gbà. Ọ̀sẹ̀ 42 ló fi agùnfọn yẹn ṣe gáàdì. Àwọn ọmọ kúkúrú ń já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni já ẹran gbà lẹ́nu ajá. Wọ́n na Olúmọ títí ó fi já sí ìpele tó wà nísàlẹ̀, sáà tó tẹ̀ lé e ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ẹ̀gbọ́n kò ráhùn. Lálaalẹ́ Friday ló ń kọ̀wé sí mi: "Ó ti gòkè lẹ́sẹ̀ kan."

Nínú lẹ́tà wa, a máa ń sọ̀rọ̀ Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1963. Ìtàn tirẹ̀ jẹ́ kí n mọ̀ pé aṣọ ọ̀dọ́ kì í ṣe aṣọ eré lásán. Ní 1980, kó tó rékọjá sí Amẹ́ríkà, ó ti gbá fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà. Ó di ọmọ Amẹ́ríkà ní 1993, ó ti gba ife NBA méjì pẹ̀lú Houston, ní 1994 àti 1995, síbẹ̀ nígbà tó fẹ́ gbá fún Amẹ́ríkà ní Òlíḿpíìkì Atlanta ní 1996, àfi ìgbà tí àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé yọ̀ǹda rẹ̀ ní àkànṣe. Aṣọ tó wọ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́langba ló dúró sọ́nà dè é.

Ní 2013 ni gbogbo rẹ̀ pé. Agùntáṣọọ́lò ti di 21, sáà ìkẹyìn rẹ̀ nìyẹn. Mo ń dá a pamọ́ fún eré tí yóò sọ bóyá a ó tẹ̀ síwájú tàbí a ó padà sílé. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mo jókòó ti ìwé àwọn ọmọ náà. Alátakò wa lágbára lábẹ́ agbọ̀n. Ọmọ ọlọ́dún 20 kan wà lọ́wọ́ mi, ọmọ gíga bíi tirẹ̀, tí olówó rẹ̀ kò kọ́ ní nǹkan mìíràn ju bí a ti ń gba bọ́ọ̀lù tó ta padà lára agbọ̀n. Kò mọ gáàdì rárá. Ṣùgbọ́n fún eré alẹ́ ọjọ́ yẹn, òun ló dára jù. Mo ṣírò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Orúkọ rẹ̀ ni mo kọ. Mo fi Agùntáṣọọ́lò sí orí bẹ́ǹṣì, n kò sì kọ̀wé sí Ẹ̀gbọ́n láti sọ fún un. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Yíyàn ọmọ, mánéjà ló ni ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi sáà mẹ́ta jẹ ìyà nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi, kò yẹ kó jẹ́ inú èsì ni yóò ti rí i.

A borí pẹ̀lú àmì mẹ́ta. Ìbá ṣe pé wọ́n nà wá, ìbá sàn fún mi. Eré tó tẹ̀ lé e ni wọ́n wá nà wá dànù, ọmọ náà kò sì gbá iyẹn náà, nítorí pé mo ti ń tijú láti yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Ní oṣù July yẹn kan náà, àwọn ọ̀dọ́ Yúróòpù gidi tí wọn kò tíì ju ọdún 20 lọ ń díje nílẹ̀ Estonia. Láàárín àwọn ará Gíríìsì ni ọmọ gíga kan wà tí ń darí bọ́ọ̀lù bíi gáàdì. Orúkọ rẹ̀ ṣòroó pè: Antetokounmpo. Adétòkunbọ̀ ni o, lẹ́tà àwọn Gíríìkì ló gbé e gba ọ̀nà ibòmíràn. Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá Giannis ti lọ síbẹ̀ ní 1991, Áténì ni wọ́n bí i sí ní 1994, ó sì gbé ibẹ̀ títí ó fi lé ní ọdún 18 láìjẹ́ pé wọ́n kà á sí ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ọdún 2013 yẹn gan-an ni wọ́n fún un ní ìwé. Lóṣù kan ṣáájú ìdíje náà, ẹgbẹ́ Milwaukee ti mú un ní ipò 15. Ní 2021, ó gba ife NBA fún wọn, àmì 50 ló sì jẹ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n ní July 2013, èmi kò ronú kan NBA. Mo kàn ń wo agùnfọn tó ń fọkọ̀ eré, orí mi sì wú, mo ní ohun tí Ẹ̀gbọ́n ń kọ́ nìyí.

Mo fẹ́ kọ̀wé sí i lórí rẹ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, tirẹ̀ ti dé. Ìlà kan ṣoṣo ni: "Mo rí èsì. Ẹ kú oríire."

Láti ọjọ́ tí a ti mọra, "o" ni bàbá yìí ń bá mi sọ. Lọ́jọ́ náà, "ẹ" ló fi kí mi, mi ò sì rí "Àbúrò" níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá ẹ mọ ibi tí ìyẹn ti ń dunni. Mo kọ ìwé àforíjì mẹ́ta. Kò fèsì. Nígbà tí sáà tuntun fi máa bẹ̀rẹ̀, ó ti fi eré náà sílẹ̀, ẹ̀rọ ló ń darí Olúmọ.

Ó ti ta ọmọ náà kó tó lọ. Mo wá a lóru ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́, mo sì rí i lọ́wọ́ ará Spéènì kan. Ó ti di 22. Gáàdì ló ń gbá.