Ilẹ̀ Ni Ó Ń Gbé Ojú Irin: Ẹ̀kọ́ fún Etíkun Ìlàjẹ

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àwọn ará etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ ìtumọ̀ òwe yìí dáadáa. Nígbà tí ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó ní ọdún 1947, orí òpó tí wọ́n rì sínú ẹrọ̀fọ̀ ni wọ́n kọ́ ilé lé, pákó ni wọ́n sì fi ṣe òpópónà.

Kò sí ojú irin ní ilẹ̀ Ìlàjẹ títí di òní. Ní ọdún 2014, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn ojú irin etíkun láti Èkó dé Calabar, ṣùgbọ́n a kò tíì wọ ọkọ̀ lórí rẹ̀. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé àbàtà lọ́jọ́ kan, kí ni yóò gbé e dúró?

Ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1900. Ọkọ̀ ìgbà náà ń rọra rìn. Ti tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021 lè sáré dé kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Eré yìí ni ó sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ di ọ̀ràn ńlá.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ledsgård, ní orílẹ̀-èdè Sweden, ní nǹkan bí ọdún 1997. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó bá kọjá ń mú kí ilẹ̀ mì bí omi tí a sọ òkúta sí. Nínú amọ̀ rírọ̀, ìgbì yìí kì í yára. Nígbà tí ọkọ̀ ń sáré ní kìlómítà 200 ní wákàtí kan, ó lé ìgbì tirẹ̀ bá, ojú irin sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́nà tí ó léwu. Wọ́n ní láti dín eré kù. Lẹ́yìn náà, wọ́n po sìmẹ́ǹtì àti ẹfun tí a fi iná jó mọ́ amọ̀ náà títí ó fi di òpó líle nínú ilẹ̀.

Òpó náà ni! Ọgbọ́n àwọn Ìlàjẹ kò jìnnà sí èyí. Ṣùgbọ́n òpó nìkan kò tó, nítorí òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò. Nítorí náà, kí ìjọba kọ́kọ́ dá òkun dúró, kí wọ́n wádìí ilẹ̀, kí wọ́n tó sọ fún wa bí ọkọ̀ yóò ti yára tó.