Èdìdì Dòsùnmú àti Ìwé Ilẹ̀ l'Ékòó

Ẹni tó bá mọ Èkó dáadáa á ti rí ilé tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ gàdàgbà pé kì í ṣe títà. Ẹ̀rín ló máa ń pa àlejò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ló wà níbẹ̀: bí ìwé ilé náà bá wà nínú ìwé ńlá ìjọba ní Aláúsá, kí ló dé tí onílé tún ń lọ ra ọ̀dà? Kí a tó lè dáhùn, àfi ká padà sẹ́yìn, ó lé ní ọgọ́jọ ọdún.

Láyé àwọn baba wa, ènìyàn ni ìwé. Olórí ẹbí á pe àwọn àgbà jọ, ẹni tí wọ́n fún nílẹ̀ á gbé obì àti ọtí wá, wọn á rin ààlà ká, wọn á sì gbin pèrègún sí igun rẹ̀. Bí ìjà bá dé lẹ́yìn ogún ọdún, àwọn tó jẹ obì ọjọ́ náà ni wọn á pè. Títà gan-an kò wọ́pọ̀. Lílò ni wọ́n ń fúnni, ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹbí.

Àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tó darí dé láti Sàró àti Bùràsíìlì ni ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ lọ́rùn. Wọ́n fẹ́ ohun tí a lè tì mọ́nú àpótí, tí a lè fi yáwó. Bí Ọba Dòsùnmú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fún wọn ní ìwé tó ní èdìdì rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù Ògún ọdún 1861, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà lójú omi, ọba náà fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan kan wà nínú ìwé àdéhùn yẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí: wọ́n ní kí ọba ṣì máa lu èdìdì rẹ̀ sórí ìwé ilẹ̀, kí ó lè jẹ́ ẹ̀rí pé ọmọ onílẹ̀ mìíràn kò ní ohun kan í gbà níbẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n! Wọ́n gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀ tán, wọ́n tún ní kó máa bá wọn jẹ́rìí.

Kò pẹ́ tí ìjọba fi gba iṣẹ́ náà fún ara rẹ̀. Nígbà Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, ìwé ilẹ̀ ń jáde lórúkọ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n lé àwọn onígbàgbọ́ kúrò l'Ábẹ̀òkúta ní 1867, Gólóbà pín ilẹ̀ fún wọn ní Èbúté Mẹ́tta. Mo ti fọwọ́ kan irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, lọ́wọ́ bàbá àgbà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Orúkọ ọkùnrin kan péré ló wà níbẹ̀, pé òun àti àrólé rẹ̀ ló ni ilẹ̀ títí láé. Kò sí orúkọ àbúrò, kò sí ti ìyàwó, kò sí ti àwọn arọ́ta tó ti ń gbé agboolé náà.

Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ni ilẹ̀ ní, ẹyọ kan ni ìwé mọ̀.

Ní 1883 ni òfin ìforúkọsílẹ̀ ìwé ilẹ̀ dé Èkó. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ṣì í lóye. Akọ̀wé ìjọba kò ní bi ọ́ bóyá ìwọ lo ni ilẹ̀. Yóò wò ó bóyá ìwé pé: ìfọwọ́sí, pláànì, òǹtẹ̀ owó orí ìwé. Lẹ́yìn náà, á fún un ní nọ́ńbà, ojú ìwé àti ìdìpọ̀. Bí ẹnì kan bá ta ilẹ̀ kan náà fún ènìyàn méjì, ẹni tó kọ́kọ́ mú ìwé tirẹ̀ lọ ló máa ń wà níwájú, bí kò bá ti lọ́wọ́ nínú jìbìtì. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó tà á kò bá ní nǹkan kan níbẹ̀, òfo ni wọ́n kọ sínú ìwé ńlá.

Ilé ẹjọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló wá tú àṣírí náà. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ Olúwa ní Àpápá, wọn kò sì fẹ́ san owó tó tọ́, wọ́n ní ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ tán. Olóyè Àmọ́dù Tìjání wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ tó ga jù níbẹ̀ dájọ́ pé gbígbà tí wọ́n gba Èkó kò pa ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ rẹ́, kí wọ́n san owó ilẹ̀ pé pérépéré. Ní 1930, ilé ẹjọ́ kan náà dá ẹjọ́ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ó ní ìwé Ọbabìnrin kò nu ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ nù. Òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì ló ṣe ìrésà! Ó tó 1947 kí wọ́n tó ṣe òfin tó ń tún ọ̀rọ̀ àwọn arọ́ta àti ìwé àtijọ́ wọ̀nyẹn tò.

Lọ́jọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà 1978 ni ìjọba Ọbásanjọ́ fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà rẹ̀. Láti ìgbà náà, títà tàbí fífi ilé dúró láìsí ìyọ̀ǹda gómìnà kò múná dóko. Ní 1989, ọkùnrin tó fi ilé tirẹ̀ dúró lọ́dọ̀ báǹkì sọ níwájú ilé ẹjọ́ gíga jù lọ pé gómìnà kò mọ̀ sí i. Inú àwọn adájọ́ kò dùn sí i, síbẹ̀ ó jàre.

Nítorí náà, lọ́ọ́yà tó mọṣẹ́ kì í ti Aláúsá padà sílé tààrà. Ìwé ńlá á sọ fún un ẹni tó mú ìwé wá àti ọjọ́ tó mú un wá. Á tún dé agboolé, á béèrè olórí ẹbí. Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí lẹ́yìn olórí, títà náà kò jẹ́ nǹkan kan. Bí olórí ló dá a tà, tí àwọn àgbà ìsọ̀rí yòókù kò sí níbẹ̀, wọ́n lè bá a dé kóòtù kí wọ́n sì gbà á padà, nọ́ńbà ìbáà wà lórí ìwé tàbí kó má wà.